Baba Ìràwọ̀ àti Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án

Ẹ wo Baba Ìràwọ̀ bó ṣe ń wọlé! Jígí dúdú wà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná ò tíì tàn nínú yàrá. Ó kọlu àga, ó ní àga ni kò mọ ẹni tó ń bọ̀. Ọkọ kámẹ́rà! Àrẹ̀mọ pátákó ìpolówó! Ọkùnrin tó ń kí ara rẹ̀ nínú dígí kó tó kí ìyàwó rẹ̀!

Fíìmù kan ṣoṣo ni òun fúnra rẹ̀ ṣe rí. Ó gbé àwo kọjá lẹ́yìn ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹun. Ẹ̀yìn rẹ̀ la rí, a ò rí ojú. Ṣùgbọ́n tó bá ń sọ ìtàn àwo yẹn, ẹ ó rò pé orí àwo náà ni gbogbo fíìmù ọ̀hún jókòó lé.

Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ni òṣèré gidi. Èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin, ni gbogbo èèyàn ń pè ní Omijé, torí pé kí olùdarí tó sọ pé "Ó yá" tán, omi á ti máa bọ́ lójú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni Ẹ̀rín. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń ṣeré. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ìyá wọn, tó jẹ́ aránṣọ, á sì máa fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì, á máa dáhùn bí ọlọ́pàá, bí olè, bí adájọ́, láìgbójú sókè. Tí Omijé bá gbàgbé ọ̀rọ̀, Ẹ̀rín á ti sọ ọ́ sí i létí.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Omijé ń dàgbà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí fíìmù tó sọ ọ́ di olókìkí jáde, láti ìgbà náà sì ni Baba Ìràwọ̀ ò ti gbà kí ọdún kan lé e. Omijé pé mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni. Ó pé méjìlá, mẹ́sàn-án náà ni. Ó wá pé mẹ́rìnlá, ribọ́ọ̀nù pupa ṣì wà lórí rẹ̀, bàtà ọmọdé ń há a lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín, tó ti pé méjìlá, wọ́n sọ òun náà di ọmọ ọdún méje, kó má baà ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún méje tí irun ti ń yọ létè!

"Bàbá mi, mo ti fẹ́ ga tó màmá mi o," ni Omijé wí lọ́jọ́ kan.

"Tẹ orúnkún díẹ̀ tí o bá ń rìn," ni bàbá dáhùn. "Ṣebí òṣèré ni ọ́?"

Nígbà tó yá, olùdarí kan, obìnrin kan tí kì í pariwo, ń wá ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá tí yóò kó ipa ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí kò ríran. Omijé rí ìwé eré náà, ó kà á títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Kò sunkún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí eré kan máa wù ú láti inú ara rẹ̀.

Baba Ìràwọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́rìnlá? Àgbàlagbà nìyẹn! Ọmọdé làwọn èèyàn fẹ́ràn. Ọjọ́ tí o bá dàgbà, ta ni yóò máa yà mí ní fọ́tò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Omijé lára. Bàbá rẹ̀ ò tiẹ̀ sọ pé "yà wá."

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dàgbà," ni ìyá wí lórí maṣíìnì.

"Máa ránṣọ rẹ," ni Baba Ìràwọ̀ dáhùn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń fi fíìmù tuntun tí àwọn ọmọ náà ṣe han aráyé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Olùdarí obìnrin yẹn wà ní ìjókòó iwájú. Nígbà tí fíìmù parí, olóòtú ètò ní kí àwọn ọmọ gun orí ìtàgé. Bàbá wọn ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ olóòtú.

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n báyìí, sà?" ni olóòtú bi í.

"Mẹ́sàn-án àti méje!"

"Ibo ni wọ́n ti rí irú ẹ̀bùn yìí?"

"Ara tèmi ni!" Baba Ìràwọ̀ na àyà síta. "Ọjọ́ tí wọ́n bí Omijé, ibi tí a ti ń ya fíìmù ni mo wà. Àwo wà lọ́wọ́ mi báyìí ni wọ́n wá sọ pé ìyàwó mi ti bí. Mi ò ju àwo sílẹ̀! Mo gbé e kọjá tán kí n tó lọ wo ọmọ!"

"Fíìmù wo nìyẹn, sà?"

Ó dá orúkọ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Olóòtú họ orí.

"Èyí tí a ṣe àjọ̀dún rẹ̀ níbí lóṣù tó kọjá kọ́ nìyẹn? Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n yà á, sà."

Ẹnì kan wá kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé wọ́n bí i tán ló tún padà sínú ìyá rẹ̀ fún ọdún márùn-ún ni?"

"Irọ́ ni!" ni Baba Ìràwọ̀ fi dáhùn. "Ẹ bi àbúrò rẹ̀! Ẹ̀rín, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Méje," ni Ẹ̀rín wí. Ohùn tó jáde nípọn bí ohùn awakọ̀ akẹ́rù.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń lu àga. Òógùn bo Baba Ìràwọ̀. Ó tẹ̀ mọ́ Omijé létí, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Sunkún! Sunkún kíá! Tí wọ́n bá rí omijé, wọ́n á gbàgbé èmi."

Ó ti gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ òun. Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ, títí kan ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Omijé wo bàbá rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló máa ń gbé e lé èjìká nígbà tí kò tíì ga tó kámẹ́rà. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ẹkún sì wà nítòsí, kò ju kó ṣẹ́jú lásán lọ. Ó nawọ́.

"Bàbá mi, ẹ bá mi mú un wá." Ó gba ẹ̀rọ náà. "Ẹ má bínú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Méjìlá ni àbúrò mi."

"Òótọ́ ni!" Ìyá ti dìde láàárín èrò. "Èmi ni mo bí wọn!"

Olùdarí obìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé o lè ṣe díẹ̀ fún mi nínú eré tèmi?"

"Nísinsìnyí, mà?"

"Nísinsìnyí."

Ẹ̀rín jókòó sílẹ̀, ó di ojú, ó di ìyá tí kò ríran, tòun ti ohùn awakọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Omijé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì fara balẹ̀.

Baba Ìràwọ̀ sún mọ́ wọn. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó kọjú sí àwọn ayàfọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn," ni ẹni tó ń tan iná wí láti òkè. "Ẹ ń ṣíji bo ọmọ yẹn."

Ó sún díẹ̀.

"Ẹ tún sún sí i, sà."

Ó sún títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan aṣọ ìkélé.

"Ibẹ̀ yẹn dáa gan-an, sà. A ò rí yín mọ́."