Bí Ìwé Kan Ṣe Sọ Mí Di Ẹlẹ́gbẹ́ Abẹ́ Omi

Ọjọ́ Àìkú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé, ọjọ́ tí wọ́n tìtorí ẹnu mi kó odidi bẹ́ǹṣì ọmọbìnrin kan síwájú pẹpẹ fún ìdáǹdè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà ti dàgbà, wọ́n ti bímọ, ṣùgbọ́n tí a bá pàdé ní Ìkọ̀tún títí di òní, orin ni wọ́n fi ń kí mi.

Ìwé ló fà á. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ndìrì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tí nǹkan àràmàǹdà ń ṣẹlẹ̀ sí: ọmọbìnrin tó ń rí òkú, ọmọkùnrin tí òjìji rẹ̀ ń dá rìn, arẹwà tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi. Àwọn tísà wa ní ìranù ni. Èmi ò gbà. Lójú tèmi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fúnra rẹ̀ ń gbé láàárín ayé méjì: wọn ò kà á mọ́ ọmọdé tó lè ṣeré, wọn ò sì kà á mọ́ àgbà tó lè dá sí ọ̀rọ̀. Ìwé iwin nìkan ló gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Àmọ́ mo ní òfin tèmi o. Iwin tó kàn ń dẹ́rù bani láìnídìí, mi ò kì í kà á. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń wá. Ìwé tí wọ́n bá sì wá fi "ó ta jí, àlá ni" parí, inú máa ń bí mi sí ẹni tó kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Bùnmi, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, ló ń rí àwọn ìwé yìí yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni yóò máa kiri gbogbo àwa ọmọbìnrin, a ó fi bébà ìwé ìròyìn bò ó lẹ́yìn kí tísà má baà dá a mọ̀. Ẹni tí kò bá kàn títí ẹ̀gbọ́n Bùnmi fi gbà á padà, ẹnu mi ló ti ń gbọ́ ọ. Tí a bá ti lu aago oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á yí mi ká lábẹ́ igi máńgòrò, màá sì pa á fún wọn bí àlọ́, màá tún fi orin sí i bí ìyá bàbá mi ṣe máa ń ṣe. Ibi tí mo ti ń fa wàhálà ni pé mi ò kì í sọ pé "ọmọbìnrin kan wà." "Èmi" ni mo máa ń sọ, kó lè dùn. Mo máa ń di arẹwà inú ìwé náà pátápátá, títí dórí bó ṣe ń ju ọwọ́.

Ìwé tó kó mi sí wàhálà dá lórí ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ àwọn ará abẹ́ omi kí wọ́n tó yá a fún ìyá tó bí i sáyé. Ọjọ́ tó bá pé ọdún mẹ́rìndínlógún ló gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yìn ìwé náà ti ya dànù, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa bóyá ó lọ tàbí kò lọ. Bálùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ilé tí a háyà ní Ẹgbẹ́dá ni mo ti ń fi ìtàn náà dánra wò. Mo ti fọṣẹ sára lọ́jọ́ kan, mo wá fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ wí pé, "Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo ń gbọ́ yín. Ẹ ní sùúrù. Tí mo bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, màá fi ìyá yìí sílẹ̀, màá padà wálé." Mo bá dá orin sí i, mo dá a, mo gbè é.

Mi ò mọ̀ pé Ìyá Sọ́díìkì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń gbélé, wà lẹ́yìn páànù bálùwẹ̀, ó ń dúró kí n jáde. Nígbà tí mo jáde, garawa rẹ̀ nìkan ni mo bá nílẹ̀. Ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìyá mi ti sin ọmọ méjì kó tó bí mi, àti pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gan-an ni mo máa pé ọdún mẹ́rìndínlógún.

Láti ọjọ́ náà ayé mi yí padà, ó sì dùn. Itan adìẹ, tó jẹ́ ti bàbá mi láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, wá di tèmi. Ìyá mi ò jẹ́ kí n súnmọ́ kànga mọ́. Ìyá Sọ́díìkì, tó máa ń fi ariwo lé mi kúrò níwájú yàrá rẹ̀, wá ń kí mi láàárọ̀ pé, "Àǹtí wa, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Mo rò pé àpọ́nlé àgbà ló ti ń wọlé dé. Ojú mi wá là jù. Mo rán Ìyá Sọ́díìkì, obìnrin tó bí ọmọ márùn-ún, pé kó bá mi ra ṣúgà bọ̀ lójúde. Ó lọ. Ó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré.

Ní Sátidé, ìyá mi ní ká lọ kí ìyàwó pásítọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà lọ́nà Ìdímù. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo rí àwọn ìyá àdúrà tí wọ́n ti gba ọ̀já mọ́ ìdí, mo mọ̀ pé ìkíni yìí kì í ṣe kékeré.

"Kí lorúkọ rẹ lọ́hùn-ún?" Pásítọ̀ bi mí.

"Lọ́hùn-ún níbo, sà?"

"Nísàlẹ̀ omi."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo bú sẹ́rìn-ín, èyí tí kò dáa, nítorí gbogbo àwọn ìyá náà sún sẹ́yìn.

"Ìwé ni, sà," mo ní. "Inú ìwé ni mo ti kà á."

Pásítọ̀ mi orí. "Bí wọ́n ṣe máa ń sọ náà nìyẹn. Kò ní jẹun títí yóò fi jẹ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ló ba tèmi jẹ́. Ẹnì kan ń dín àkàrà lójúde, òórùn rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ìjẹ́wọ́ ni wọ́n fẹ́, èmi náà sì ní ọ̀kan tó nípọn dáadáa. Mo bá jẹ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè ìlú omi, mo ṣàlàyé ọmọ ọba wọn tí eyín rẹ̀ ń dán, mo dórí òòyà wúrà tí wọ́n fún mi, pé tí mo bá ti fi ya irun, wọ́n á máa gbọ́ mi. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ àwọn ìyá àdúrà náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn fa bẹ́ǹṣì wọn súnmọ́ iwájú.

"Ọmọ ọba náà," ọ̀kan rọra bi mí, "ṣé ó fẹ́ ẹ lóòótọ́ ṣá?"

"Ẹ jẹ́ kó débẹ̀ fúnra rẹ̀ jàre," èkejì sọ fún un.

Mo wá kan ibi tí ìwé ti ya.

"Ọjọ́ wo lo máa padà?" Pásítọ̀ bèèrè.

"Mi ò mọ̀, sà. Ibẹ̀ ti ya."

Gbogbo wọn pe Jésù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi, tó ti dúró sí kọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti dé, wó lulẹ̀, gèlè rẹ̀ já bọ́. Ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ méjì tó sin, orúkọ tí a kì í dá nílé wa. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ẹ ní kó má lọ. Kí ló ń wá tí mi ò fún un?" Ẹ̀rín kúrò lára mi pátápátá. Mo rí i pé gbogbo ẹran tí mo ti ń jẹ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ló fi ń bẹ̀ mí. Ojú tì mí. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo bá parí ìwé náà fún un. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní, "Kò lọ, mà. Wọ́n mú un dé etí omi, wọ́n ń pè é, ó ní ìyá òun ti se oúnjẹ sílẹ̀, ó ń retí òun. Ó ṣẹ́ òòyà náà sí méjì, ó sọ ọ́ sómi, ó yíjú sílé." Ìyá mi dì mọ́ mi, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Pásítọ̀ ké Halelúyà, wọ́n sì fún mi lákàrà.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá má rí nǹkan kan sọ fún yín. Àmọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í fi irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ pamọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n jáde wá jẹ́rìí. Ìyá mi wọ léèsì. Bùnmi àti àwọn ọmọ kíláàsì wa tó ń gbé àdúgbò jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ti pinnu pé màá gé e kúrú, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi nínú makirofóònù, orí mi wú. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn ará omi ti ń pe ọmọ, mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo dá orin:

"Wọ́n ń pè mí nísàlẹ̀ omi o."

Odidi bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ti gbè é lábẹ́ máńgòrò fún ọ̀sẹ̀ kan, gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, tàtẹ́wọ́-tàtẹ́wọ́:

"Má mà lọ o, ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Bùnmi fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Pásítọ̀ wò wọ́n, ó wò mí. "Orin abẹ́ omi," ó rọra wí. "Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n." Kó tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn ìyá wọn ti dìde, kálukú ń wá ọmọ tirẹ̀ mú. Wọ́n kó wọn síwájú pẹpẹ, wọ́n sì ní èmi ni olórí ẹgbẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì jẹ olórí nǹkan kan rí láyé mi. Wọn ò tiẹ̀ fi mí ṣe mọ́nítọ̀ rí.

"Níbo lo fi òòyà tìrẹ sí?" ìyá Bùnmi ń bi í.

"Onírọ́bà tẹ́ ẹ rà fún mi yẹn nìkan ni mo ní, mà."

Bùnmi náà ló kó wa yọ. Ó fi ẹkún yọ ìwé náà jáde látinú báàgì tó fi ń gbé Bíbélì. Ìyàwó pásítọ̀, tó jẹ́ tísà, gbà á, ó ṣí i, ó sì ń kà á lórí ìdúró. Ó kà á pẹ́. "Òótọ́ ni wọ́n sọ," ó ní níkẹyìn. "Òòyà wà níbí. Ọmọ ọba náà wà níbí." Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ojú rẹ̀ fà ro. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìyókù rẹ̀ dà?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá wa ò bá wọn rẹ́rìn-ín; etí ni wọ́n fi fà wá jáde. Ìyàwó pásítọ̀ ò sì dá ìwé náà padà títí dòní.

Ìyá mi fà mí délé. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú sí mi. "Ìparí tó o sọ fún mi lánàá, pé ọmọ yẹn ò lọ, ṣé inú ìwé ló wà?"

"Rárá, mà. Èmi ni mo fi kún un."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo pé ọdún mẹ́rìndínlógún, mo lajú, mo bá a tó jókòó létí ibùsùn mi, ó gbé ọwọ́ lé mi láyà. Ó ti mọ̀ pé ìwé ni. Gbogbo Ẹgbẹ́dá ti mọ̀ pé ìwé ni. Síbẹ̀ ó jókòó síbẹ̀.

"O ṣì wà," ó ní.

"Mo wà, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó gbá mi lẹ́yìn gbàù, èyí tó ti ń fi pamọ́ fún mi láti ọjọ́ Àìkú.

Mo ti kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ pa ìtàn iwin, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó ń gbọ́ ọ, nítorí ohun tó jẹ́ eré lẹ́nu ẹnì kan, egbò ni lára ẹlòmíì. Mo ṣì ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ṣùgbọ́n ẹnu mi máa ń wà ní pípadé. Tí ìtàn bẹ́ǹṣì yẹn bá sì sọ sí mi lọ́kàn, mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá tún máa fọwọ́ pa ẹ̀yìn mi.