Ibùsùn Ahun Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun kò gba àlejò? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kàwé pàápàá ò mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí nínú ìwé. Ilé obìnrin kan ní Ìlá ló ti ṣẹlẹ̀, Àwẹ̀ró sì ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Bí ẹ bá rántí pé Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pe èmi náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì. Ìlú tóbi, orúkọ a sì máa jọra.

Àwẹ̀ró yìí ní ọmọ-ọmọ kan tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, Mofẹ́wà. Ọmọkùnrin kan, Adéṣínà, ló ń fẹ́ Mofẹ́wà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mìíràn a máa ra aṣọ fún àfẹ́sọ́nà wọn, wọn a máa ra bàtà. Ahun ni Adéṣínà gbé wá ní tirẹ̀. Ahun ààyè, tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ rí i, ó ti na ọwọ́ sí ìkòkò kí Mofẹ́wà tó ké.

"Màmá, ẹ má ṣe é o! Ahun títọ́ ni, kì í ṣe ahun jíjẹ. Inú ilé ni yóò máa gbé."

"Inú ilé ta?"

"Inú ilé tiwa ni, Màmá. Ìyá Adéṣínà ń bọ̀ wá wo ilé wa lọ́jọ́ Àìkú. Adéṣínà ní ahun yìí ni ìyá òun yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ìyá náà ní ẹni tí kò bá mọ ahun tọ́jú, kò lè mọ ọmọ òun tọ́jú."

Ẹ gbọ́ ọ ná! Odindi ìgbéyàwó, orí ẹ̀yìn ahun ni wọ́n gbé e lé. Àwẹ̀ró tí kò sin nǹkan kan rí ju adìyẹ lọ!

Ó ní kí Lájídé káfíńtà kan àpótí ńlá kan tí kò ní ọmọrí, tó ga dé orúnkún. Wọ́n gbé e sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wá ku ohun tí wọn yóò tẹ́ sí i fún ahun.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìwà Àwẹ̀ró. Kì í da nǹkan nù. Bí gaàrí bá ṣẹ́ku ìkúnwọ́ kan, yóò da tuntun lé e lórí. Bí epo bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìgò, yóò da tuntun lé e lórí. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ní ẹni tó ń kó ohun tó ṣì dáa lọ sí ààtàn, ara rẹ̀ ló ń kó lọ.

Iyanrìn odò ló kọ́kọ́ bù sínú àpótí. Ó fi asẹ́ gaàrí sẹ́ ẹ títí ó fi kúnná bí èlùbọ́. Ahun dé orí rẹ̀, ó bu díẹ̀ jẹ, ó tu ú, ó wá lọ fi imú ti ògiri àpótí bí ọmọ tí wọ́n nà.

"Màmá, iyanrìn yẹn ti wọ̀ ọ́ lójú," ni Mofẹ́wà wí.

Ó dáa. Àwẹ̀ró ò kó iyanrìn kúrò o. Ó lọ gba èérún pákó lọ́dọ̀ Lájídé, ó dà á lé iyanrìn lórí. Ni ahun bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ṣé ẹ ti gbọ́ kí ahun máa sín rí? Ó dà bí ìgbà tí bàbá arúgbó kan bá ń fín aáṣà ní ilé kejì. Àwẹ̀ró ń dá a lóhùn láti inú yàrá: "Pẹ̀lẹ́ o! Pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi!"

Ó wá ká ìró àdìrẹ rẹ̀ kan tó ti gbó, ó tẹ́ ẹ lé èérún pákó. Fọ́nrán òwú rẹ̀ kọ́ ahun lẹ́sẹ̀, ó sì di ẹlẹ́wọ̀n títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Ìlọ̀rí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní òdìkejì àgbàlá, ló wá bi í pé, "Àwẹ̀ró, nínú igbó, ta ló ń tẹ́ ìró fún ahun? Ṣé abẹ́ ewé kọ́ ló ń sùn ni?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀! Àwẹ̀ró gbálẹ̀ ìdí igi obì rẹ̀, ó kó ewé gbígbẹ, ó bu ilẹ̀dú mọ́ ọn, ó wọ́n omi sí i kó lè tutù. Ó dà á lé ìró, tó wà lórí èérún pákó, tó wà lórí iyanrìn. Àpótí kún dé ẹnu. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ahun gun orí ibùsùn rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gba etí àpótí jáde bí baálé ilé tó fẹ́ lọ kí aládùúgbò.

"Mo rí i pé o ti kọ ebè sí pálọ̀," ni Ìyá Ìlọ̀rí wí. "Ṣé iṣu ni tàbí ẹ̀gẹ́?"

"Fi mí sílẹ̀, jàre! Bá mi wo ibi tí onílé gbà."

"Onílé ti kó jáde. Ibùsùn ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ ní kó kó díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n! Níbo lẹ wà lọ́jọ́ náà? Mofẹ́wà sọ bẹ́ẹ̀, Àwẹ̀ró fi ojú gbá a dànù. Ó ní ibùsùn ò pọ̀ jù, ilé ló kéré. Ó kó bíríkì tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìdáná, ó fi wọ́n sé iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti igun dé igun. Ó ní kí wọ́n kó àwọn àga lọ sẹ́yìnkùlé. Apẹ̀rẹ̀ ewé àti ilẹ̀dú mẹ́rìnlá ló dà síbẹ̀. Nígbà tó parí, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣe é nà mọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó lọ mú ahun tó sá jáde, ó gbé e sí àárín rẹ̀, ó ní, "Máa jayé orí ẹ."

Ọjọ́ Àìkú pé, Ìyá Adéṣínà sì dé kí wọ́n tó rántí àga. Obìnrin gíga, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán.

"Ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀ o, ìyá wa! Ẹ máa wọlé, ẹ máa wọlé!"

"Níbo ni mo ń gbà?"

Àwẹ̀ró wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò sí ọ̀nà. "Ẹ… ẹ gba orí ewé, Mà."

Ìyá Adéṣínà ká ìró sókè, ó ré bíríkì kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì dé kókósẹ̀. Mofẹ́wà sáré gbé àga kan wá, ó gbé e ka orí ewé. Ìyá jókòó. Ẹsẹ̀ àga méjì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, láìkánjú. Ìyá ń wo ọ̀run. Kí ẹnikẹ́ni tó ké, ó ti nà gbalaja lórí ewé, gèlè sì ti bò ó lójú.

Àwẹ̀ró sọ nínú ara rẹ̀ pé, ó tán, mo ti fi ewé obì lé ọkọ ọmọ yìí lọ. Ó kúnlẹ̀ sínú ilẹ̀dú.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọmọ yìí ò jẹ̀bi. Ó ní kí n dín in kù, èmi ni mo ṣe orí kunkun."

Ìyá Adéṣínà ò dìde. Ó fi ọwọ́ tẹ ewé lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ lápá òsì.

"Ta ló tẹ́ èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ó rọ̀." Ó gbé gèlè kúrò lójú. "Ahun ọmọ mi dà?"

Ahun dà? Àwọn ìyá àgbà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rákò nínú ewé, wọ́n ń tú u, wọ́n ń kan ara wọn lórí. Wọn ò rí nǹkan kan àfi ekòló. Mofẹ́wà ló lọ bá ahun ní ilé ìdáná, lẹ́yìn àmù, lórí síméǹtì lásán. Ó ti na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń sùn. Kò tẹ́ ewé kan ṣoṣo.

Ìyá Adéṣínà wò ó. Ó wo Àwẹ̀ró, ewé lórí, ilẹ̀dú ní imú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti dé ilé mẹ́ta nítorí Adéṣínà," ló wí. "Níbẹ̀, àga tìmùtìmù ni wọ́n fún mi, wọn ò fún adìyẹ wọn lómi. Ẹni tó bá ṣe irú làálàá yìí nítorí ẹran tí ọmọ mi gbé wá, ọmọ tó tọ́ dàgbà kò ní fi ojú ọmọ mi gbolẹ̀. Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra."

Inú Àwẹ̀ró dùn débi pé ó gbàgbé ibi tó wà. Ó fò dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì: "Ẹ ṣeun, ìyá wa! Ẹ jókòó, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká gbé oúnjẹ wá!"

Ìyá Adéṣínà bojú wo inú pálọ̀, ó rí àpótí tó kún dé ẹnu. Ó wo iwájú, ó rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti di oko. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Kí n jókòó síbo, Àwẹ̀ró? Ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun kò gba àlejò!"