Ẹ Bá Mi Pa Iná Yẹn

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi fi erùpẹ̀ bò mí. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú kíláàsì, mo máa ń fajú ro lójijì, àwọn ọmọ á sì rò pé àwọn ni mò ń bínú sí. Inú ń bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mò ń bínú sí.

Tíṣà ni mí ní Adó. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wá: ohun tí a kò mọ̀, a ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lákòókò yẹn, tiransifọ́mà àdúgbò wa ti jó, ó sì ti lé ní oṣù kan tí a ti fojú kan iná mànàmáná gbẹ̀yìn. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti òkè òkun dé, tó sì fún mi ní sítóòfù kan tí kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ. Wàá kó igi wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wàá ṣáná sí i, àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì sọ ooru náà di ohun tó ń cháàjì fóònù. Ó tún ní gílóòbù kékeré kan tó dúró lórí ọrùn gígùn. Àwọn òyìnbó tó ń fi ilé tó dára sílẹ̀ lọ sùn nínú igbó ni wọ́n ṣe é fún. Àwa tí à ń sá kúrò nínú igbó, kí la fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n orí mi wú, àfi bíi pé èmi ni mo ṣe é.

Ìjàn ni Màmá mi ń gbé, òun àti àbúrò rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré. Ojú Màmá ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà sọ pé tòsì ti lọ pátápátá, pé tọ̀tún náà ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e, pé bí ohun kan bá wà tí ó fẹ́ rí, kó tètè rí i. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá ní òun fẹ́ rí ni ojú Dáre, àbúrò mi, tó ti ń bá ọkọ̀ ojú omi kiri láti ọdún mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá ti wà lójú òkun, fóònù wọn kì í lọ. Dáre wá ránṣẹ́ pé àwọn yóò dé èbúté kan lọ́jọ́ Sátidé, pé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òun yóò pè wá lórí fídíò, kí Màmá lè rí òun, torí wákàtí kan péré làwọn ní. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni Màmá ní, kò lè gbé àwòrán. Tèmi ló kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ní, "Bàbá Tóbi, ẹ jẹ́ kí n gbé fóònù yín lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó ti tan jẹnẹrétọ̀."

"Onígbàjámọ̀ kẹ̀? Kí fóònù mi lọ máa tò lórí káńtà pẹ̀lú ti àwọn ọlọ́kadà? Kí ni sítóòfù wà fún?"

"Ẹ ò tíì dán an wò rí."

"Mo ti ka ìwé rẹ̀."

Mo kà á lóòótọ́. Ojú ewé méjì àkọ́kọ́ ni mo kà.

Mo gbé sítóòfù sínú báàgì, mo wọ takisí lọ sí Ìjàn. Cháàjì tó wà nínú fóònù mi jẹ́ méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Kí n tó dé Ìjàn, ó ti di mẹ́rin, nítorí mo ti ya fídíò sítóòfù náà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi lórí Wasáàpù, mo sì jókòó sínú mọ́tò, mò ń ka bí wọ́n ṣe ń kí mi kú oríire.

Òjò ti rọ̀ ní Ìjàn. Igi ìdáná Màmá Kékeré rin gbingbin, ó sì tóbi tó itan mi, bẹ́ẹ̀ sítóòfù mi kò gba igi tó ju ìka ọwọ́ lọ. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo gba àdá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í la igi nínú àgbàlá títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Iná kọ̀, kò ràn. Màmá Kékeré ní ògùṣọ̀, ìhá ẹyìn tí epo wà lára rẹ̀, ló máa mú un, ó sì bu díẹ̀ fún mi. Èmi tí mo gbọ́n jù, mo ki gbogbo rẹ̀ bọ inú sítóòfù lẹ́ẹ̀kan náà. Èéfín dúdú tó jáde níbẹ̀, n kò lè júwe rẹ̀.

Láti ọ̀sán ni Màmá ti jókòó sórí àga, tó wé gèlè tuntun. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í da lójú rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "ojú tí mo fẹ́ fi wo Dáre lo ń fín léèéfín yìí."

Mo gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn, èéfín tẹ̀ lé e. Mo gbé e sápá òsì, èéfín yà sápá òsì. Aládùúgbò wa obìnrin kan yọjú, ó béèrè pé, "Ṣé ewúrẹ́ lẹ̀ ń sun ni?" Nígbà tó rí i pé kò sí ewúrẹ́, ó padà lọ mú iṣu méjì wá, ó ní iná kì í jó lásán. Kí n tó yíjú, ó ti fi iṣu dí ẹnu sítóòfù pa, iná sì fẹ́ kú. Mo ní kó gbé iṣu rẹ̀. Ó gbé e, ó sì wò mí bí ẹni tí mo já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, iná wá ń jó dáadáa. Fóònù ti gorí méje. Ó yẹ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀, àbí? Rárá. Mo ní kí wọ́n rí iṣẹ́ òyìnbó, mo tan gílóòbù náà nínú oòrùn.

"Ẹ wo iná!" ni mo wí.

"Uná lọ́sàn-án gangan?" Màmá Kékeré béèrè.

Aago mẹ́rin géérégé, fóònù dún. Dáre ni! Mo gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Wáyà rẹ̀ kúrú, nítorí náà ó ní láti bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, pẹ̀lú gèlè rẹ̀, kó gbé fóònù súnmọ́ ojú ọ̀tún.

"Yèyé mi!" Dáre kígbe láti inú fóònù. Àjà ọkọ̀ àti etí fìlà rẹ̀ nìkan ló hàn.

"Fìlà ni mò ń rí," ni Màmá wí. "Dáre, ojú rẹ dà?"

Fóònù han tíin. Cháàjì ti wálẹ̀ sí mẹ́ta, nítorí fídíò ń jẹ ẹ́ ju bí igi ṣe ń fún un lọ. Ìgbà yẹn ni mo rántí gílóòbù tí mo tàn, tó ń bá fóònù pín in jẹ. Mo fi ọwọ́ kan di ìgbọ̀nwọ́ Màmá mú, mò ń fi èkejì kó igi sínú iná. Ni mo bá figbe ta.

"Màmá Kékeré, ẹ bá mi pa iná yẹn! Ẹ pa iná! Kíákíá!"

Màmá Kékeré kì í jáfara. Láti ìgbà tí èéfín ti bẹ̀rẹ̀ ló ti gbé garawa omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, torí obìnrin tó ní làákàyè ni. Ó gbé garawa náà, ó sì da gbogbo omi inú rẹ̀ lé sítóòfù lórí.

Ṣììì! Eérú àti ooru bò wá mọ́lẹ̀. Àpótí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ta páù, ó ń rùn bíi rọ́bà tó jó. Fóònù ṣókùnkùn. Nígbà tí èéfín lọ, Màmá ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, eérú kún gèlè rẹ̀, ó ṣì gbé fóònù mọ́ ojú.

"Tíṣà," ó rọra wí, "ṣé bó ṣe dà nìyí? Oòrùn òkun mà ti sọ ọmọ mi di dúdú o."

Ẹ̀rín fẹ́ pa aládùúgbò oníṣu. Màmá Kékeré ni mo kọjú sí.

"Gílóòbù ni mo ní kí ẹ pa!"

"Ùwọ lo ní kí n pa uná," ó dáhùn. "Èyí tó ń jó ni mo rí, òun ni mo pa."

Ó jàre mi. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá, tí mo ti fi ọ̀rọ̀ náà gan-an ṣe ìbéèrè ìdánwò rí, pé iná ni ti àdògán, iná náà ni ti gílóòbù.

Mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ Ìjàn. Bẹ́ẹ̀ ni, onígbàjámọ̀. Mo to fóònù mi sórí káńtà pẹ̀lú ti àwọn ọlọ́kadà. Kó tó gbẹ, kó tó tàn, aago márùn-ún ti kọjá. Ohùn tí Dáre gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé: "Bọ̀ọ̀dá, kí ló ń jó? Mo gbọ́ tí ẹ ń pariwo kí wọ́n pa iná, mo sì rí èéfín. Ọkọ̀ wa ti ń ṣí o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Yèyé wà láàyè?" Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Èsì mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Adó kó tó wọ omi, ìyẹn sì ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mọ́tò méjì ti já àwọn èèyàn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Màmá. Wọ́n ń kí wa kú ewu iná, wọ́n sì ń wá ilé tó jó kiri.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Dáre fi rò pé èmi ni mo jẹ́ kí iná pa ìyá wa. Nígbà tó tún pè, cháàjì fóònù mi kún fọ́fọ́. Ojú ọ̀tún Màmá ti lọ láti oṣù tó ṣáájú. Ó fi ìka kan dígí fóònù, ó béèrè ibi tí imú ọmọ rẹ̀ wà, mo sì di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e síbẹ̀. Dáre fi ọwọ́ bo ojú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀: ohun tuntun, ọjọ́ tí kò sí ohun tó so mọ́ ọn là á dán an wò. Èmi fi ojú ìyá mi dán tèmi wò.

Bí ẹbí bá péjọ báyìí, wọ́n á ní kí n sọ ìtàn sítóòfù. Mo máa ń sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, èmi náà á bá wọn rín in, torí ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Màmá náà máa ń rín in gan-an, á kọjú sí ibi tó rò pé mo jókòó sí. Mo máa ń rọra sún lọ síbẹ̀.