Fiachra, Ọmọ Ọba Abẹ́ Òkúta

Bí Fiachra Ó Luain bá sín, á bojú wẹ̀yìn bóyá ìránṣẹ́ ń bọ̀ wá nu òun nímú. Ọmọ ọba lẹ́nu ara rẹ̀! Kábíyèsí àwọn àgùntàn!

Ibojì àtayébáyé kan wà nínú pápá rẹ̀, òkúta pẹrẹsẹ ràgàjì lórí òkúta mẹ́ta. Labamuk ni a ń pè é, lédè àwọn baba wa. "Laba" ni ibùsùn. Fiachra ní "muk" yẹn, ọmọkùnrin ni: ọmọ ọba, baba ńlá òun. Gbogbo wa mi orí bí aláǹgbá. Ta ni yóò jẹ́wọ́ pé òun ò gbọ́ èdè baba òun?

Nítorí Sorcha ni gbogbo rẹ̀, opó tó ń ṣe búrẹ́dì.

"Sorcha, fẹ́ mi, kí o di olorì."

"Lọ́jọ́ tí o bá ṣí òkúta rẹ, màá fún ọ lésì."

Òkúta ìrántí tí Fiachra fẹ́ gbé kalẹ̀ síwájú ibojì náà ló ń wí. Fiachra ti bẹ agbẹ́kùúta kan létíkun, níbi tí wọ́n ṣì ń sọ èdè náà. "Kọ orúkọ ibojì náà bí àwọn àgbà ṣe ń pè é o!" Nígbà tí òkúta dé, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló yẹ̀ wò. Ó pé. Ó daṣọ bò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì, gbogbo abúlé rọ́ lọ sí pápá nínú òjò. Fiachra ṣí aṣọ.

Àǹtí rẹ̀, Nóirín, ọmọ etíkun, fi gíláàsì sójú. "Fiachra, kí ló dé tí o kọ 'Ibùsùn Ẹlẹ́dẹ̀' síbí?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀? Ọmọkùnrin ni!"

"*Mac* lọmọkùnrin. *Muc*, 'muk' rẹ yẹn, lẹlẹ́dẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Ó yá, ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún wa."

Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà ni ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tí kò lè kà á: BABA ŃLÁ FIACHRA Ó LUAIN LÓ SÙN SÍBÍ.

Fadá kọ́kọ́ fi ẹ̀rín ṣe ikọ́. Kò pẹ́, ikọ́ di ẹ̀rín.

"Kábíyèsí, ẹ kú ẹrẹ̀ o!" ẹnì kan ké láàárín èrò.

Fiachra wo òkúta. Ó wo ikùn rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, ó wo ẹrẹ̀ tó mù ún dé orúnkún.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ ò kúkú lè sọ pé a ò jọra."

Sorcha rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko tútù. "Fiachra, ọba ni mo wá kọ̀ lónìí. N ò múra ti ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Ṣé wàá wá mu tíì nílé mi?"

Ó fẹ́ fi ohùn ọmọ ọba dá a lóhùn. Ohun tó jáde ni:

"Hùn-ùn."

Gbogbo pápá pariwo: "Ọmọ bíbí inú ẹlẹ́dẹ̀ ni!"