Bí Mo Ṣe Tún Inú Mọ́tò Bọ̀dá Kàmọ́rù Ṣe

Bí mo tiẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò rò pé mo lè gbàgbé ọjọ́ tí mo fi mọ́tò gbé màámi lọ sí Ìrókò. Àdúrà ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Kàmọ́rù, jáde láyé la fẹ́ lọ ṣe. Àwọn náà ló ni mọ́tò ọ̀hún. Sípọ́ọ̀tì pupa onílẹ̀kùn méjì ni, ó kúrú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àyà wọ́lẹ̀, kò sì sírú ẹ̀ ládùúgbò wa ní Moniya. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Bọ̀dá ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, tí adìẹ ń sùn lórí ẹ̀, tí oòrùn sì ń bó o láwọ̀.

Mo ní màámi ò ní wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi àdúrà ọmọ wọn. Mo ní màá tún mọ́tò náà ṣe, ọwọ́ ara mi ni màá sì fi ṣe é. Olùkọ́ ni mí, ẹni tó bá sì ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pẹ́, á máa rò pé kò sóhun tóun ò lè kọ́ ara òun. Mo wo fídíò kan lórí fóònù. Òyìnbó inú ẹ̀ ti tún inú mọ́tò ṣe látòkè délẹ̀ kí n tó jẹ ẹ̀bà mi tán. Mo wá bi ara mi pé kí ló le níbẹ̀.

Màámi lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Olódò, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà bá wọn lójijì. Mo fa aṣọ abẹ́ òrùlé mọ́tò náà ya, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ dúdú tuntun mọ́ ọn. Mo bọ́ èèpo aṣọ tó bo àga, mo ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀, mo sì dáná sun gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo wá kun awọ tó kù lára àga ní ọ̀dà dúdú títí ó fi ń dán. Ọ̀dà pupa tí mo fín sí ara mọ́tò ò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, ó wá dà bí ẹni tí làpálàpá mú. Síbẹ̀, mo dúró lókèèrè, mo ń yin ara mi.

Nígbà tí màámi dé láàárọ̀ ọjọ́ àdúrà, wọ́n wo inú ẹ̀ pẹ́. Mo rò pé ayọ̀ ni. Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ nínú léèsì funfun wọn.

A ò tíì jìnnà sí Moniya tí oòrùn fi mú, tí gọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tí màámi fi ìborùn bo imú. Aṣọ òrùlé ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmú ewúrẹ́. Mo fi ọwọ́ kan gbé e sókè, mo fi èkejì di ìdarí mọ́tò mú. Ibi tí mo ti gun gegele kan ni gbogbo ẹ̀ ti já lé wa lórí. Mo tẹ bíréèkì, a sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọlọ́kadà kan bẹ̀rẹ̀, ó wò wá lábẹ́ aṣọ dúdú náà, ó sì fohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá òkú la gbé. Mo wọ́ aṣọ náà kúrò lórí wa, mo sì wa mọ́tò lọ.

Nígbà tí a dé Ìrókò, màámi sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dà àga sì ti sọ gbogbo ẹ̀yìn léèsì wọn di dúdú láti èjìká dé ìdí. Mo ní kí n ṣí fìlà láti tọrọ àforíjì, fìlà ò ṣí. Gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ irun mi.

Màámi ò tiẹ̀ dárúkọ aṣọ. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Níbo lo kó èèpo àga yẹn sí?”

“Mo ti sun ún, mà.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. “Tó o bá ti lọ sílé ìwé láàárọ̀, mo máa ń lọ jókòó níbẹ̀. Òórùn ọmọ mi ṣì wà lára ẹ̀.”

Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu.

Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n fi kẹrosíìnì rẹ fìlà yẹn, kò ṣí, àfi ìgbà tí àbúrò bàbá wa fi abẹ fá orí mi níwájú mọ́ṣáláṣí. Màámi, tí wọ́n ti ró ìró ẹlòmíì, kọjá, wọ́n rí mi, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká ní Kàmọ́rù wà láyé, orí yìí ni ì bá máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu wọn tó fi di ẹkún.

Mo ti gbé mọ́tò náà fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Inú ẹ̀ dára báyìí, àmọ́ òórùn awọ tuntun ló ń rùn, màámi ò sì débẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn tó tún ohun tí òkú fi sílẹ̀ ṣe, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ léèrè. Bí mo bá rántí pé nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi, orí mi nìkan ló dán lọ́jọ́ náà, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún kì í pẹ́.