Ìkéde Nípa Ẹ̀gẹ́ Tó Gba Bẹ́ẹ̀dì Aláìsàn ní Ìdí-Ìyeyè

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ìyeyè, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń lọ ata, kó gbé ọmọ ọlọ dúró. Ẹni tó ń bá ìyàwó jà, kó sinmi díẹ̀, ìjà ò ní sá lọ.

Gó! Gó! Agogo ààfin ló ń dún yẹn. Ẹ má wò mí bákan. Ẹ mọ̀ pé èmi kọ́ ni akéde. Lásísì ọmọ mi ni akéde. Ibà ti dá Lásísì dùbúlẹ̀, ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí símẹ́ńtì, nínú ilé ìwòsàn wa. Ààfin ní agogo kò gbọdọ̀ dákẹ́ nítorí ibà, kí ẹni tó bí akéde bá a ké e. Èmi ni mo bí i. Èmi náà rèé.

Mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé. Akọ̀wé ààfin ló ka ìwé náà sí mi létí títí ó fi wọ̀ mí lágbárí. Ohun tó kà ni mo ń sọ. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, ẹ má bú mi. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná, kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni Baálẹ̀ wí! Báyìí ni Olóyè Sàlàkọ́, alága ìgbìmọ̀ ìlera àti oko, wí! Àwọn ọ̀mọ̀wé tó wá sí ìlú wa léṣìí, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa sínú ìgò, tí wọ́n fi okùn wọn ìbàdí wa, tí wọ́n já ewé ẹ̀gẹ́ wa lọ, wọ́n ti padà dé! Wọ́n mú àbájáde ìwádìí dé! Ẹ pàtẹ́wọ́! Ìwé ló ní kí ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ ṣeun. Ó tó.

Àṣẹ kìíní! Ti àìsàn! Ìwádìí fi hàn pé ẹni tí ebi ń pa, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Mo tún un wí: ẹni tí ebi ń pa, ó máa ń rẹ̀ ẹ́! Ìwádìí tún fi hàn pé orúnkún arúgbó máa ń dùn ún, pàápàá bó bá gun òkè. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi wá a! Ọkọ̀ jíìpù ni wọ́n fi wá a kiri! Nítorí náà, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, òpùrọ́ ni, yóò gbálẹ̀ ààfin fún oṣù kan gbáko. Èmi ò mọ̀ ọ́n o. Orúnkún tó ń ro mí láti ìgbà tí wọ́n ti fi Sàlàkọ́ joyè, mo rò pé ijó ló ń jó fún un ni.

Àṣẹ kejì! Ti ẹ̀yà ara! Wọ́n ti kan àwòrán ènìyàn kan mọ́ ògiri ilé ìwòsàn. Ọkùnrin ni. Wọ́n ti bó awọ lára rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wà níta, ìfun rẹ̀ wà níta, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dájú pé kì í ṣe ará ìlú wa. Àwòrán yìí ló fi ibi tí gbogbo nǹkan wà hàn. Nítorí náà, ìrora yòówù gbọ́dọ̀ wà níbi tí àwòrán fi í sí! Aláìsàn yóò kọ́kọ́ dúró níwájú àwòrán, yóò fi ìka tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀ nínú àwòrán, ìrora náà kò bófin mu. Kó padà sílé lọ tún ìrora rẹ̀ tò. Ìyàwó Ṣítù, ìwọ tí o ní nǹkan kan ń rìn láti èjìká rẹ dé ìdí, yan ibì kan! Ìrora arìnrìn-àjò kò sí nínú àwòrán.

Àṣẹ kẹta! Ti oko! Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ibí lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí ẹ̀gẹ́ kan tí àrùn kì í mú! Àrùn tó ń mú ewé kákò bí etí ajá, kò lè mú un. Àrùn tó ń mú ẹ̀gẹ́ jẹrà sínú ilẹ̀, kò lè mú un. Ìdì igi rẹ̀ kan ni wọ́n fún wa. Èyí dára. Mo ní ó dára! Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Mo rántí ọdún tí ewé ẹ̀gẹ́ kákò ní gbogbo oko ìhà odò. Ìyá mi fa gbogbo oko rẹ̀ tu, ó jókòó sí ẹ̀bá rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó rìn lọ sí abúlé kejì, ó tọrọ igi ẹ̀gẹ́ tó le. Wọ́n fún un, wọn ò gba kọ́bọ̀, nítorí a kì í ta igi ẹ̀gẹ́ fún ara wa. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti gbìn ín. Igi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe àlejò tí à ń tẹ́ ẹní fún.

Àmọ́ ti ìyá mi nìyẹn, ti ìgbìmọ̀ kọ́. Àṣẹ kẹrin! Àwọn ọ̀mọ̀wé ní kí a tọ́jú ẹ̀gẹ́ náà síbi tó tutù, títí a ó fi gbìn ín. Ìgbìmọ̀ jókòó. Ìgbìmọ̀ jẹ àkàrà. Ìgbìmọ̀ rò ó pé ibi tí fáànù wà fún gbogbo ìlú kò ju ilé ìwòsàn lọ. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ ló ni bẹ́ẹ̀dì! Mo tún un wí, kí ẹ má baà rò pé arúgbó ṣì í gbọ́: ẹ̀gẹ́ ló ni bẹ́ẹ̀dì! Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì lé e lórí, kí ẹ̀fọn má baà jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbìn ín títí kọmíṣọ́nnà yóò fi wá ṣíṣọ lójú rẹ̀, kọmíṣọ́nnà sì ń bọ̀. Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ló ti ń bọ̀. Àgbàdo ti ga dé orúnkún, kọmíṣọ́nnà ṣì ń bọ̀.

Ẹni tó bá wá ń ṣàìsàn lásìkò yìí, ilẹ̀ ni! Kó mú ẹní tirẹ̀ wá! Lásísì mú ẹní tirẹ̀ wá. Omi tí Nọ́ọ̀sì Adúràgbèmí fà sí i lára, ara ìṣó ojú fèrèsé ló gbé e kọ́. Okùn rẹ̀ kò gùn dé ilẹ̀, ọmọ mi ń na apá sókè bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Ara rẹ̀ ń gbóná lókè, símẹ́ńtì ń tutù wọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ yìí, kò dá mi mọ̀. Ó ń bi mí pé ọmọ ilé ta ni mí. Nọ́ọ̀sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi bẹ Olóyè. Ilẹ̀ yìí ló máa pa á kí ibà tó pa á.”

Mo lọ. Èmi tí mo wẹ Sàlàkọ́ lọ́mọ tuntun, tí mo nu imú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, “Ìyá, ẹ ní sùúrù. Àìsàn á tún dé lọ́jọ́ mìíràn. Irú ẹ̀gẹ́ yìí, kò ní tún dé.”

Mo gbọ́ ọ, Gàníyù télọ̀! Má fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ! O ní kí ni ohun tí àrùn kì í mú ń wá ní ilé ìwòsàn? Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ìwé. Ó tilẹ̀ wà nínú àṣẹ karùn-ún pé a kò gbọdọ̀ béèrè!

Àṣẹ karùn-ún! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ẹ̀gẹ́ léèrè! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́ lójú fèrèsé rẹ̀! Ẹni tó bá wá wo aláìsàn, kó bọ́ bàtà, kó kọ́kọ́ kí ẹ̀gẹ́. Ẹ bá mi kí i. Ó ti ń rúwé lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ yá gágá, kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é, tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ kò sì ní. Mo mọ ìgbà wolé-wolé, tí wọ́n ń yọjú sínú ìkòkò omi wa, tí wọ́n ń fa ìyá ọlọ́mọ lọ sí kóòtù nítorí ọmọ ẹ̀fọn. A bú wọn dáadáa. Kí wọ́n forí jì wá lọ́run. Wolé-wolé kò tẹ́ igi sórí bẹ́ẹ̀dì rí.

Àṣẹ kẹfà, òun ló kẹ́yìn! Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ẹ̀gẹ́ náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ìtanràn rẹ̀ ni ewúrẹ́ kan! Kó sanra! Kó jẹ́ abo! Kò sí ẹ̀bẹ̀! Kó fà á wá fún alága, alága ni yóò tọ́jú rẹ̀ fún ìgbìmọ̀!

Ibi tí ìwé parí sí nìyí. Akọ̀wé ní bí mo bá ti débẹ̀, kí n lu agogo, kí n máa lọ sílé. Mi ò tíì lọ.

Ewúrẹ́ mi rèé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sanra. Abo ni. Ó tilẹ̀ lóyún, ìgbìmọ̀ jèrè. Mo san ìtanràn kí n tó dá ẹ̀ṣẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìyá akéde kò mọ òfin. Ilé ìwòsàn ni mo ń lọ báyìí. Ìyàwó Ṣítù, bí nǹkan yẹn bá ti kúrò léjìká rẹ, bá mi kálọ. Gàníyù, ìwọ náà jáde, ẹnu nìkan kọ́ la fi ń gbé aláìsàn. Ẹ ó bá mi gbé Lásísì sórí bẹ́ẹ̀dì, kó lè gbé apá rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Jẹ́jẹ́ ni a ó gbé e, a ò ní ṣẹ́ ẹyọ kan. Ilé Olóyè Sàlàkọ́ là ń gbé e lọ, yàrá rẹ̀ gan-an, orí bẹ́ẹ̀dì fómù rẹ̀. A ó sì so ìtanràn mi mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà, nítorí alága ni òfin ní kí a fà á fún. Ìwé sọ pé àrùn kò lè mú ẹ̀gẹ́ yìí. Mo bi akọ̀wé bóyá wọ́n kọ nǹkan kan nípa ewúrẹ́. Ó ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó ní wọn ò kọ ọ́.

Bí Olóyè kò bá fẹ́ kí ewúrẹ́ wádìí ẹ̀gẹ́ náà, ọkọ́ wà nílé rẹ̀, ilẹ̀ oko ti rọ̀. Kó lọ gbìn ín lónìí. Kó yára o. Ewúrẹ́ mi kò tíì jẹun láti àárọ̀.

Ẹnu ààfin ni mo fi ké e, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń lọ. Ẹni tó bá sùn, ẹ jí i. Ẹni tó bá dití, ẹ fọwọ́ júwe fún un. Gó! Gó! Gó!