Kakulétọ̀ Tó Yára Ju Olówó Rẹ̀ Lọ

Ẹ bá mi kí Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Bọ́dúnrìn, olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan lójú ọ̀nà Ìjagun. Àràbà Ìṣirò! A-ṣírò-bí-ààrá! Ọkùnrin tó ń fi ìka kan ṣoṣo bi ẹ̀rọ léèrè ohun tí orí rẹ̀ ti gbàgbé. Ẹnu ara rẹ̀ ni oríkì méjì àkọ́kọ́ ti jáde; ẹ̀kẹta ni ti àwa ará ìlú.

Ọdún mẹ́rìnlá ni Theophilus fi lo kakulétọ̀ kan tó máa ń ya gírááfù. Ẹ̀rọ náà kì í kánjú. Bó bá ń ya ìlà, á máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, àwọn ọmọ á sì máa wò ó bó ṣe ń gòkè, bó ṣe ń sọ̀. Theophilus á máa gbọn ẹsẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìlọ́ra yìí ni kò jẹ́ kí ayé tíì mọ bí òun ṣe gbọ́n tó. Nígbà tí àwọn ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó ní púrósẹ́sọ̀ ló fà á, ìyẹn ọpọlọ inú ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó béèrè nípa ọpọlọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Lọ́dún yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ọdún 1994 fẹ́ fún ilé-ìwé náà ní ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo ni. Ìyáàfin Mọ́ṣádé, àgbà olùkọ́ ìṣirò, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún òrùlé kíláàsì òun ṣe, torí bí òjò bá ti ṣú, ńṣe làwọn ọmọ máa ń kó jọ sí igun kan bí adìyẹ. Theophilus ní rárá o. Ogójì kakulétọ̀ tuntun tí púrósẹ́sọ̀ wọn yára ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì kó wọn sí yàrá kan tí wọn yóò fi orúkọ òun pè.

"Òjò kì í rọ̀ lójoojúmọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń ṣe ìṣirò."

Ẹ mọ̀ wá, àwa Ìjẹ̀bú. Ohunkóhun tó bá ti jẹ́ tuntun, tí ará Odògbolú tó múlé gbè wá kò tíì ní, ó ti di dandan fún wa nìyẹn. Ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí kakulétọ̀. Theophilus kò tilẹ̀ dúró de ìpinnu wọn. Ó ra páànù fífẹ̀ kan, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà-gadagba: YÀRÁ ÌṢIRÒ THEOPHILUS BỌ́DÚNRÌN. Ó gbé e ti ògiri lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó fi aṣọ bò ó, ó sì ń lọ ṣí i wò ní wákàtí wákàtí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde dá ọjọ́ àfihàn kan kí wọ́n tó pinnu, ọjọ́ náà sì pé. Gbogbo ilé-ìwé kún gbọ̀ngàn. Usamah, alága àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, tó ń fi wíwọn ilẹ̀ jẹun, jókòó níwájú. Theophilus wọ kóòtù nínú ooru, ó di gbohùngbohùn mú lọ́wọ́ kan, ó di kakulétọ̀ tuntun tó yá wá mú lọ́wọ́ kejì. Ohun tó bá tẹ̀ ń hàn lára ògiri.

"Ẹ jẹ́ ká ya gírááfù sáìnì, láti òdo dé dìgírì 360. Àǹtí Mọ́ṣádé á fi ṣọ́ọ̀kì ya tiwọn. Èmi á fi ọjọ́ iwájú ya tèmi."

Ó tẹ bọ́tìnì. Pàù! Mọ́ṣádé kò tíì fa ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ti parí. Theophilus na apá méjèèjì, ó ń dúró de àtẹ́wọ́.

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Òkè kan àti àfonífojì kan ló yẹ kó wà lára ògiri. Igbó ni wọ́n rí, ìlà lórí ìlà. Theophilus mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ náà ti ní púrósẹ́sọ̀ tuntun.

"Bí sáìnì ṣe rí gan-an nìyí!" ló ké. "Àwọn ẹ̀rọ tó lọ́ra ló ń fi pamọ́ fún wa."

Usamah rora na ọwọ́. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bi í ní sáìnì ọgbọ̀n dìgírì."

Pàù! Òǹkà kan jáde pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú rẹ̀.

"Ìdajì ni, sà!" Gbogbo ọmọ ló pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìdajì ti àtijọ́ nìyẹn," ni Theophilus fèsì.

Mọ́ṣádé ti ya tirẹ̀ tán: òkè kan, àfonífojì kan. Ó gbọn ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó wá sọ ọ́ sí i létí jẹ́ẹ́jẹ́, kó má bàa dójú tì í. Ó gbàgbé gbohùngbohùn tó wà lọ́wọ́ Theophilus.

"Theo, dìgírì lò ń béèrè, rédíánì ló ń wọ̀n. Ṣé o ò yí i ni?"

Bí a ṣe ń wọn aṣọ ní yáàdì tàbí ní mítà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ń wọn igun lọ́nà méjì, olówó rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tó fẹ́. Ti àtijọ́ wà lórí dìgírì láti ọdún mẹ́rìnlá. Mọ́ṣádé ló bá a yí i lọ́jọ́ tó rà á. Theophilus kò mọ̀ pé ó ṣeé yí.

Ẹ̀rín bú gbàù. Ojú ti Theophilus débi pé ó ń wá ihò tí yóò kó sí.

"Ẹni tó ti ṣìnà," ni Usamah wí bó ṣe ń dìde, "bó bá sáré, á kàn tètè jìnnà sílé ni. Òrùlé la máa ṣe."

Lọ́sẹ̀ kejì, káfíńtà ń kan òrùlé títí tí páànù fi tán, ó ku àyè páànù kan ṣoṣo. Gbogbo ojú yí sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Theophilus fúnra rẹ̀ ló ṣí aṣọ, ó ru páànù náà wá, ó sì di àkàbà mú fún káfíńtà. Wọ́n dojú ìkọ̀wé rẹ̀ sísàlẹ̀, kí òjò má bàa pa á rẹ́.

Nígbà tí òjò rọ̀, ó wọ kíláàsì Mọ́ṣádé wá wo òrùlé. Kò sí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Fatihah, ọmọ kíláàsì náà, gbójú sókè.

"Sà, orúkọ yín ò jò."

"Ẹ bá mi kí i," ni Theophilus wí. "Ó ti wúlò ju ẹni tó ń jẹ́ ẹ lọ."